Ìdí ni Báàfù Fi Ń Jókòó

Ìwé pélébé kan tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀ máa ń bá Jàkúsì, báàfù tí pọ́ǹpù rẹ̀ ń tú omi lu ara, wá nínú páálí. Gẹ̀ẹ́sì ló kún ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà ní Òkòtá, ní Àjàó àti ní Ire-Àkárí ní Èkó, níbi tí àwọn onílé alájà ti ń gbé irú báàfù bẹ́ẹ̀ lọ sí bálùwẹ̀ òkè. Káfíńtà ń sọ ọ́, bíríkìlà ń sọ ọ́, ẹni tó wá láti Àjàṣẹ́ láti lẹ táìlì ń sọ ọ́ mọ́ Ègùn. Ọ̀rọ̀ wo ni ká fi kọ ìwé pélébé yẹn kó lè bá wọn lẹ́nu mu?

Àwọn àgbà onímọ̀ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ jáde, Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú rẹ̀. Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú èkejì ní 1990. Gírámà, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n dojú kọ, wọn ò débi páìpù. Ọ̀nà tí àwọn oníròyìn ń gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà kò sì ní ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì dùn lẹ́nu ẹni tó jókòó ti gbohùngbohùn. Ẹni tó gbé òòlù dání ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò bá lè fi pariwo borí jẹnẹrétọ̀, kò ní lò ó.

Orúkọ ohun náà fúnra rẹ̀ kò mú àríyànjiyàn wá. Orúkọ ìdílé ni Jacuzzi, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ṣí láti Ítálì lọ sí California, tí wọ́n ń ṣe pọ́ǹpù omi fún àwọn àgbẹ̀. Oríkèé ń ro Kenneth, ọmọ Candido tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, láti kékeré. Ní 1948 bàbá ọmọ ṣe pọ́ǹpù kan tí wọ́n lè rì sínú báàfù lásán kí omi máa tú lu oríkèé náà. Ó di 1968 kí Roy, ọmọ ìdílé yẹn kan náà, tó kó pọ́ǹpù àti báàfù pọ̀ di ẹyọ kan. A ti pe gbogbo ọṣẹ ẹlẹ́bú ní Omo. Jàkúsì náà lè jókòó tì í. Pọ́ǹpù rẹ̀ ló yẹ ká ṣọ́ra fún. Súmò ni wọ́n ń pe èyí tó ń gbé omi láti inú bọ́họ̀ọ̀lù lọ sí táǹkì Jíípíì. Ti Jàkúsì kì í gbé omi lọ síbì kankan; inú báàfù ló ti ń fà á, inú báàfù náà ló ń tú u padà sí. Ayími ni mo pè é.

Yorùbá sábà máa ń fi ara ènìyàn sọ ohun lórúkọ. Ìkòkò ní ẹnu, ìgò ní ọrùn, tábìlì ní ẹsẹ̀, fìlà ní etí, kò sì sí ìgbìmọ̀ tó jókòó yàn wọ́n. Ibi tí báàfù ti nà síta yíká lókè, etí ni. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìdí ni. Ihò tí omi ti ń tú lu ẹ̀yìn ẹni, ẹnu ni. Lẹ́yìn ẹnu kọ̀ọ̀kan, omi ń gba ibi tóóró kan kọjá. Bó ṣe ń sáré gba ibẹ̀ ni agbára tó fi ń tini ń dínkù, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Àwọn onímọ̀ físíìsì fi Venturi, ará Ítálì mìíràn, pe ibi tóóró yẹn. Ọ̀fun ni tiwa. Páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, imú. Bí omi bá wá ń tú tí kò hó, ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pàápàá mọ ibi tí yóò wò: imú ló dí.

Lítà omi kan, kílò kan. Báàfù tó gba lítà 300 ti ru ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀, ìkìlọ̀ ńlá sì ni pé kí etí má gbé ẹrù yẹn, kó má baà sán. Ọ̀gá kò ní ṣàlàyé púpọ̀: ìdí ni báàfù fi ń jókòó, kì í fi etí rọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da sìmẹ́ǹtì tútù sábẹ́ rẹ̀. Ẹní ni mo fẹ́ ká pe sìmẹ́ǹtì yẹn, torí pé wọ́n ń tẹ́ ẹ ni.

Férémù ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀. Káfíńtà ń lò ó fún igi tù-báì-fọ́ tí wọ́n kàn yí báàfù ká, kò sì burú: òpó ni èyí tó dúró, ìdábùú ni èyí tó sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bẹ̀rù ikán àti ọ̀rinrin yóò fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n, búlọ́ọ̀kù kì í sì í ṣe férémù. Pèpéle gba méjèèjì, ó sì ti wà kí sìmẹ́ǹtì tó dé, nígbà tí wọ́n ń fi amọ̀ mọ ọ́n síwájú ilé fún àwọn àgbà láti gba atẹ́gùn. (Ti bálùwẹ̀ kò ṣeé ta ayò lórí rẹ̀, táìlì ibẹ̀ ń yọ̀.) Dẹ́kìn àti Jámánì-fúlọ́ọ̀ tí pèpéle ń jókòó lé, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti di ọmọ ilé.

Ti iná ni kò ṣeé fi ṣeré. Jàkúsì tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà sábà máa ń retí fólítì 120; 230 ni tiwa, mọ́tọ̀ rẹ̀ yóò jó. Èyí tó léwu jù ni iná tó jò sínú omi. Irinṣẹ́ kan wà tó ń wò bóyá iná tó lọ àti èyí tó padà dọ́gba. Bí mílíáḿpù 30 péré bá sọnù lọ́nà, ó ti já a kí ojú tó ṣẹ́. Bùréékà lásán kò lè ṣe é, nítorí iná tó pọ̀ ju agbára wáyà lọ ni tòun ń ṣọ́. Ẹni tó bá wá sọ fún oníná pé kó ra “bùréékà” wá, èyí tí kò wúlò ni yóò rà. Bùréékà afura ni kó pe irinṣẹ́ yẹn.

Ojú tí wọ́n fi sílẹ̀ lára pèpéle láti tún ayími ṣe, ilẹ̀kùn ni kí wọ́n pè é, kí onítáìlì lè mọ̀ pé wọ́n máa ṣí i. Mo fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọ ohun tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri: “Ẹ jẹ́ kí omi bo gbogbo ẹnu kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Bí ayími bá ṣiṣẹ́ láìsí omi, yóò jó. Ẹ má fi tówẹ́ẹ̀lì dí imú. Ilẹ̀kùn wà lápá òsì.” Ẹnì kan lè ní bọ́tìnnì kì í ṣe Yorùbá. Kó wo ẹ̀wù ọrùn rẹ̀.