Ẹsẹ̀ tẹlisíkóòpù: ìdí tí mo fi yan àpótí Dobson l'Ákùúrẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń bi mí irú ẹsẹ̀ tẹlisíkóòpù tẹ́ẹ lè rà, ẹ gbọ́ ìtàn yìí kẹ́ẹ tó náwó o.

Ní 1824, Fraunhofer, ará Jámánì, ṣe tẹlisíkóòpù ńlá kan fún Dorpat, tó ń jẹ́ Tartu ní Estonia lónìí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń yí tẹ̀lé ìràwọ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dojú ẹ̀ kọ Ìràwọ̀ Àríwá. Irú ẹ̀ ṣì wà lọ́jà. Lọ́hùn-ún, ìràwọ̀ yẹn ga tó dígírì 58. Àkúrẹ́ àti Oǹdó ńkọ́? Bíi 7 péré! Òkè, òrùlé, eruku ọyẹ́, gbogbo wọn ló ń bò ó. Kí lẹ wá fẹ́ dojú ẹ̀ kọ?

John Dobson ò lówó nígbà tó jẹ́ mọ́ǹkì ní San Francisco. Plywood ló fi kan àpótí, páálí ló fi ṣe ọ̀pá. Sókè-sódò, ọ̀tún-òsì, ó tán. Ọwọ́ lẹ ó fi tì í. Ní 1968, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì káwọn tó ń kọjá lè wòran.

Lóòótọ́, kò dáa fún fọ́tò ìràwọ̀. Èmi ò bínú síyẹn. Káfíńtà Oǹdó lè kàn án, ẹ ṣáà ní kó lo pákó tó nípọn. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tẹ́ẹ bá fọwọ́ kàn án, òṣùpá á kàn máa jó lójú yín ni.