Ọba Tí Ìlú Kò Lè Gbé Igbá Sí Mọ́

Ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, kábíyèsí ni Aláàfin, aláṣẹ èkejì òrìṣà. Ṣùgbọ́n kì í dá ìlú ṣe. Àwọn Ọ̀yọ́mèsì méje ń bẹ nílẹ̀, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Bí ọba bá ń tẹ ará ìlú mọ́lẹ̀ jù, wọn á kọ̀ ọ́, wọn á gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i. Bí igbá bá ti wọ ààfin, ọba mọ̀ pé ó parí nìyẹn. Àfi kí ó sùn.

Òyìnbó dé. Ní oṣù Kejì ọdún 1893, Gómìnà Carter ti Èkó àti Aláàfin Adéyẹmí Kìíní tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà, àwọn oníṣòwò òyìnbó, pẹ̀lú sójà Amẹ́ríkà lẹ́yìn wọn, ti lé Ọbabìnrin Liliuokalani kúrò lórí oyè ní erékùṣù Hawaii. Ti Ọ̀yọ́ yàtọ̀: wọ́n fi ọba sílẹ̀ lórí oyè, àṣẹ ni wọ́n gbà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Wọ́n tẹ ọkùnrin kan lọ́dàá l'Ọ̀yọ́ nítorí ó bá aya aláya lò pọ̀. Ọ̀gágun Bower, ajẹ́lẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, ní kí Aláàfin wá wí tẹnu rẹ̀. Aláàfin kọ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1895, Bower fi ìbọn àgbá fọ́ ìlú.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí o. Òyìnbó tó rẹ ọba sílẹ̀ tún padà wá gbé e ga. Láti 1914 di 1931, Ross ni ajẹ́lẹ̀ àgbà ní ẹkùn Ọ̀yọ́. Ó ti Aláàfin Ládìgbòlù lẹ́yìn gbágbágbá. Ìbàdàn pàápàá wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, 1934 ló tó bọ́. Ta ló wá tó gbé igbá sí ọba tí ajẹ́lẹ̀ dúró tì? Nígbà tí owó-orí dé ní 1918, àwọn ọba ló ń bá òyìnbó gbà á.

Ẹni tí kò bá rí ibi sọ tẹnu rẹ̀, ìjà ni yóò jà. Ní 1916, ará Ìṣẹ́yìn àti Òkèihò dìde, wọ́n pa ọba Òkèihò. Ìjọba òyìnbó kó sójà bò wọ́n.

Òmìnira dé ní 1960, nǹkan ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí Fúlàní kò rí kó, tí àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn sá wọ̀, òun náà rí tirẹ̀. Ní oṣù Keje 1969, nígbà ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn tí owó-orí ń ni lára pa Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọdé. Bẹ́ẹ̀ ìjọba n'Ìbàdàn ló bu owó-orí náà, kì í ṣe Ṣọ̀ún. Ààfin ló wà nítòsí, ààfin ni wọ́n lọ.

Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní 2022. Ó di oṣù Kìíní 2025 kí gómìnà tó fọwọ́ sí ẹlòmíràn, àwọn kan nínú Ọ̀yọ́mèsì sì yarí pé kì í ṣe ẹni tí àwọn yàn. Ẹ̀yin ará wa, ìbọn Bower ti dákẹ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tí ọba ń jíyìn fún, kí ó kọ́kọ́ wo ẹni tó fún un ní ọ̀pá àṣẹ.