Ọpẹ́ Tí A Kò Tíì Dá: Olúnlọ́yọ̀ọ́ àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Kúdẹtì

Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn ẹ̀kọ́ ìwé ní Ìbàdàn, David àti Anna Hinderer ni a máa ń ní kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó sì tọ́. Ọdún 1851 ni ọkọ kọ́kọ́ dé ìlú náà. Ní 1853, tọkọtaya fi Kúdẹtì ṣe ibùgbé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọmọ sílẹ̀? Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn, ẹ̀rù sì ń ba àwọn òbí pé ìwé yóò sọ ọmọ wọn di ojo. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà: ó fa Yéjídé àti Akínyẹlé, méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀, lé Ìyá Òyìnbó lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ó ti di Kristẹni kí ó tó ṣe é o. Ó wo ìwà àwọn àlejò náà, ó sì yan èyí tí ó rí pé yóò ṣe ọmọ rẹ̀ ní àǹfààní.

Nígbà Ogun Ìjàyè, láti 1860, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, owó tán, àwọn Hinderer sì ń ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ lè jẹun. Nígbà tí wọ́n kúrò ní 1869, Daniel Olúbí tí ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ pẹ́ ni ó gba àkóso.

Ní Ajíbọ́dé, mo bi kíláàsì mi léèrè orúkọ òbí kan ṣoṣo tí ó gbà kí ọmọ rẹ̀ lọ sí Kúdẹtì. Gbogbo wọn dákẹ́. Èmi náà kò tíì kọ́ wọn.