Iṣan Wo? Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ fún Ẹsẹ̀ tí Ẹ̀jẹ̀ Kò Dé

N kì í ṣe oníṣègùn. Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní Bẹẹrẹ ni ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá ń gòkè láti Bẹẹrẹ lọ sí Gbọ̀ngàn Mápó, a máa dúró lẹ́ẹ̀mẹta, a máa fọwọ́ pa ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀. Bí ó bá sinmi díẹ̀, ìrora náà a lọ. A ní ogbó ni. Àwọn mìíràn ní làkúrègbé ni. Nígbà tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dúdú, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún.

Iṣan ni Yorùbá ń pe èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ, èyí tí ń dá a padà sí ọkàn, àti èyí tí ó so ẹran mọ́ egungun. Nígbà tí bàbá wí pé iṣan ni ó ń dun òun, òtítọ́ ni ó sọ. Àwa ni a kò bèèrè pé iṣan wo. Èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ni ó dí. Sìgá, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dí i.

Ní 1912, Alexis Carrel gba ẹ̀bùn Nobel nítorí ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ láti rán iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ní 1946, ní Lisbon, João Cid dos Santos la iṣan tí ó dí, ó sì yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ní 1948, ní Paris, Jean Kunlin mú iṣan mìíràn lára aláìsàn fúnra rẹ̀, ó fi ṣe ọ̀nà àbùjá yí ibi tí ó dí ká. Ọdún kan náà ni a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀. Adéọ̀yọ́, tí kò jìnnà sí Bẹẹrẹ, wà lára ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́ kí ilé ìwòsàn UCH tó ṣí ní 1957. Ní 1964, ní Portland ní Amẹ́ríkà, Charles Dotter fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ la ọ̀nà nínú iṣan obìnrin ẹni ọdún 82 kan tí ó kọ̀ kí a gé ẹsẹ̀ òun. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi ń rìn títí ó fi kú.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ń gbẹ̀yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà àbùjá náà lè tún dí: ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àléébù inú iṣẹ́ náà, láàárín ọdún kan sí méjì, nítorí pé inú rẹ̀ ń nípọn, lẹ́yìn èyí, nítorí àrùn àkọ́kọ́ tí kò tíì lọ. Iṣan ara ẹni a máa pẹ́ ju èyí tí a fi ọwọ́ ṣe lọ, pàápàá nísàlẹ̀ orúnkún.

Ìwádìí BEST-CLI, tí ó jáde ní 1922 lé ní 100, èyíinì ni 2022, wo àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Nínú àwọn 1,434 tí wọ́n ní iṣan tí ó dára fún àbùjá, bíi 43 nínú 100 tí a ṣe àbùjá fún ni ewu ńlá bá ẹsẹ̀ wọn tàbí tí wọ́n kú. Ti àwọn tí a gba inú iṣan tọ́jú jẹ́ bíi 57. Ní 2023, BASIL-2 mú èsì tí ó yàtọ̀ wá fún àrùn tí ó sọ̀kalẹ̀ kọjá orúnkún: 63 nínú 100 tí a kọ́kọ́ ṣe àbùjá fún ni a gé lẹ́sẹ̀ tàbí tí wọ́n kú, 53 ní ti ìkejì. Ikú ni ó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ náà.

Bí a bá wo ìwádìí méjèèjì dáadáa, a ó rí i pé ibi kan ni wọ́n forí lé. Àrùn tí ó dí iṣan ẹsẹ̀ kò fi iṣan ọkàn àti ti ọpọlọ sílẹ̀. Abẹ lè gba ẹsẹ̀ là. Kò lè wo gbogbo ara.

Nítorí náà, orí òkè Mápó ni ìtọ́jú bàbá ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó wà ní ìpele ìdúró-sinmi kò ní pàdánù ẹsẹ̀ bí wọ́n bá fi sìgá sílẹ̀, tí wọ́n ń lo oògùn, tí wọ́n sì ń rìn déédéé. Bí ẹ bá rí àgbà tí ń dúró lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe wí pé ogbó ni. Ẹ bi í pé iṣan wo.