Iterate: Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì fún Àṣetúnṣe

Iterate jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí kí ènìyàn ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan sí i, tàbí kí ó tún ọ̀rọ̀ sọ. Lóde òní, àṣetúnṣe tó ní ète ni wọ́n sábà máa ń fi tọ́ka sí: a ṣe é, a wo àbájáde rẹ̀, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Iterum ni àwọn ará Róòmù ń lò fún “lẹ́ẹ̀kan sí i” tàbí “nígbà kejì”, lára rẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìṣe iterare. Ó jọ iter, tó túmọ̀ sí ìrìn àjò, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá: ara ire, tó túmọ̀ sí “lọ”, ni iter ti wá. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni iterate wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Iteration, tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀, ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Shakespeare fi í sí ẹnu Falstaff nínú apá kìíní eré Henry IV, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1598.

Ìbátan rẹ̀ ni reiterate. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ re- pẹ̀lú ń sọ nípa títún nǹkan ṣe, èyí ló mú kí àwọn kan ka ọ̀rọ̀ yìí sí àpọ̀jù. Àmọ́ Látìnì fúnra rẹ̀ ní reiterare, ìlò sì ti pín iṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni reiterate wà fún: mínísítà tó tún tẹnu mọ́ ìpinnu ìjọba ni ìwé ìròyìn ń lò ó fún. Repeat kò yan ibì kan láàyò; ó bá ọ̀rọ̀, ìṣe àti kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ tún kà mu.

Nínú ìmọ̀ ìṣirò, iterate ni kí á fi èsì ìṣirò kan ṣe ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn. Heron ará Alẹkisáńdíríà ṣàlàyé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kìíní. Ká ní à ń wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé, bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, yóò di 2. A mú 1, a fi pín 2, a ro èsì náà pọ̀ mọ́ 1, a sì dá a sí méjì: ó di 1.5. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí 1.5, yóò di 1.4167, ìgbà kẹta yóò mú 1.41422 wá. Èsì gan-an jẹ́ 1.41421 àti díẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, over ló máa ń tẹ̀ lé iterate nígbà tí ètò bá ń mú ohun tó wà nínú àkójọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà sí gbogbo wọn. Àwọn tó ń ṣe ọjà tuntun a máa fi on tẹ̀ lé e: wọ́n ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n fún àwọn ènìyàn lò, wọ́n ṣàtúnṣe sí àléébù rẹ̀, wọ́n sì tún gbé e jáde. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tó bá jáde lọ́nà yìí ni wọ́n ń pè ní iteration.