Ojú Irin Tó Ń Gbé Ogun, Àti Àwọn Tó Ń Gbé Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Bí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀ di alẹ́, kí ẹ wá fara balẹ̀ kà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a ń retí ọkọ̀ tó ń gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà bọ̀ fún àwọn opó wa. Ọkọ̀ kọjá Ajah tán, ló bá bá tírélà tó ṣubú dínà. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ojú kan ló wà. Oúnjẹ wà o, a ti sanwó rẹ̀, awakọ̀ náà wà lórí ìjókòó. Síbẹ̀ àwọn ìyá wa padà sílé lọ́wọ́ òfìfo. Kí ló fà á? Ọ̀nà kan ṣoṣo la ní, ọ̀nà náà sì dí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọkàn wa lọ sórí ìtàn réluwéè àti ogun nílẹ̀ wa níbí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ fún ara wa, torí pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá kàn wá ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí.

Sójà tí ebi ń pa kò lè jà. Kí réluwéè tó dé, orí ènìyàn ni ẹrù ogun máa ń gbà lọ. Ẹrù tí wọ́n sábà máa ń gbé lé alárù kan lórí kò ju nǹkan bíi kílò 27 lọ. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: wágọ̀nù kékeré kan tó gbé tọ́ọ̀nù 10 ti ṣe iṣẹ́ alárù tó lé ní 350. Alárù sì gbọ́dọ̀ jẹun o! Bí ìrìn bá ti jìn, inú ẹrù tó rù náà ni yóò ti máa jẹ, títí tí ohun tó kù fún sójà kò fi ní tó nǹkan. Wágọ̀nù kì í jẹ ìrẹsì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́gun fi fẹ́ràn ojú irin.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé ọ yára náà ló ń so ọ́ mọ́lẹ̀. Mọ́tò lè yà bá igbó, ẹṣin lè gba ẹ̀yìnkùlé, ọkọ̀ ojú irin kò lè yà síbì kan. Gbogbo ayé ló mọ ibi tó máa gbà. Ojú irin gùn tó 100 kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ta ló máa ṣọ́ gbogbo rẹ̀ tán?

Ẹ bá wa ká lọ sí Togo, ní 1914. Àwọn Jámánì ló ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ti la ojú irin láti Lomé létí òkun lọ sí Atakpamé, nǹkan bíi 160 kìlómítà. Ẹ má gbàgbé pé àwọn tó ń sọ èdè wa wà ní Atakpamé títí dòní, ará ilé wa ni wọ́n. Ní Kamina, nítòsí ibẹ̀, àwọn Jámánì kọ́ ilé-iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá kan tó ń bá Jámánì lọ́hùn-ún sọ̀rọ̀, tó sì ń bá àwọn ọkọ̀ wọn tó wà lójú òkun sọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń wá nìyẹn.

Ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Àwọn Jámánì fi Lomé sílẹ̀, wọ́n fà sẹ́yìn lọ sókè. Àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Gold Coast, gúnlẹ̀ sí Lomé, wọ́n sì ń tọ ojú irin lọ. Àwọn Jámánì rò pé àwọn lè fi réluwéè ṣe wọ́n léṣe. Wọ́n kó nǹkan bí 200 sójà sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá kọlù wọ́n. Àṣé àwọn sójà kan ti gba inú igbó yọ sí ẹ̀yìn wọn ní Agbeluvhoe, wọ́n ti dí ojú irin. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ padà sílé, ọ̀nà ti dí! Ọkọ̀ yẹ̀ kúrò lójú irin, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá wọn, Captain Pfaehler, sì kú níbẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé wọn wá kíákíá kò lè gbé wọn padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn Jámánì fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ afárá. Ẹ gbọ́ o, àwọn tó kọ́ ọ náà ló ń fọ́ ọ, kí ọ̀tá má bàa lò ó. Wọ́n fọ́ afárá ojú irin tó wà lórí odò Chra, wọ́n sì gbẹ́ kòtò sí òdìkejì odò, wọ́n dúró dè wọ́n. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló kú tàbí tó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Ìyẹn kò gba àwọn Jámánì là ṣá. Wọ́n fà sẹ́yìn lóru, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ba ilé-iṣẹ́ Kamina jẹ́, wọ́n sì túúbá ní ọjọ́ 26.

Ká tó sọ pé Togo jìnnà, ẹ padà wálé. Ojú irin Èkó bẹ̀rẹ̀ ní Ìddó ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba àárín ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá. Ní 1914, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba òmìnira tí àwọn Ẹ̀gbá ní lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ àfipáṣe tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di 1918, owó orí dé. Ọ̀rọ̀ náà ka àwọn ènìyàn láyà. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni Ogun Adùbí bẹ́ sílẹ̀. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ bà? Ojú irin ni! Wọ́n hú irin kúrò nílẹ̀, wọ́n gé okùn tẹligíráàfù ní ìhà gúúsù Abẹ́òkúta. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn, wọn kò lọ sílé-ìwé ológun kankan. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ni sójà máa gbà wá.

Ẹ̀mí ṣòfò púpọ̀. Wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà. Ìjọba kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà wá, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun East Africa dé, wọ́n sì tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì. Nǹkan bí 600 ènìyàn la gbọ́ pé ó kú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn méjèèjì wé ara wọn. Àwọn Ẹ̀gbá hú irin, àwọn Jámánì fọ́ afárá. Irin tí wọ́n hú, bí òṣìṣẹ́ bá wà tí irin míràn sì wà, kì í pẹ́ tí wọ́n á fi tò ó padà. Afárá tó já sódò ní tirẹ̀ ń fẹ́ àkókò. Ṣùgbọ́n bíba ọ̀nà jẹ́ nìkan kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹ́gun nínú àwọn méjèèjì, ńṣe ló kàn dá ọ̀tá dúró díẹ̀.

Nǹkan míràn tún wà tí àwọn ọ̀gá ogun kì í fẹ́ sọ. Ojú irin kò ní ẹ̀ṣọ́ tó dà bí ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ló máa kọ́kọ́ rí àjèjì tó tẹ̀ ba síbẹ̀ lóru. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí ọ̀nà náà, á figbe ta. Bó bá jẹ́ ìyà nìkan ni ọ̀nà náà gbé wá fún un, á wojú sókè bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, tàbí kó tilẹ̀ gbé ọkọ́ wá bá wọn hú u. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìbọn ní 1918, ṣùgbọ́n wọn kò ní ọkàn àwọn ará abúlé tí réluwéè ń gbà kọjá.

Ẹ má sọ pé ìtàn àtijọ́ ni. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2022, wọ́n fi bọ́ǹbù ba ojú irin Abuja sí Kaduna jẹ́ lálẹ́, wọ́n kọlu ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́jọ kú, wọ́n sì jí àwọn tó lé ní 60 gbé. Títí di oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni ọkọ̀ kò fi rìn. Èrò lásán ni wọ́n o, wọn kì í ṣe sójà. Ibi tí ọkọ̀ kò ti lè yà náà ni wọ́n ti dè wọ́n.

Àwa ńkọ́? Pọ́ọ̀tù ńlá ti wà ní Lẹ́kkí, ilé ìfọpo Dangote wà níbẹ̀, ọ̀nà mọ́tò ni ẹrù orí ilẹ̀ wọn ń gbà, ojú irin kò tíì dé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ètò Green Line, láti Marina dé Free Zone ní Lẹ́kkí. A gbàdúrà pé kó tètè dé, torí a mọ ohun tí tírélà ń fojú wa rí. Àmọ́ kí àwọn aláṣẹ má wo ilẹ̀ nìkan, kí wọ́n wo àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀. Apẹja àti àgbẹ̀ tí ojú irin máa gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ẹ san ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un kó pé, ẹ gba àwọn ọmọ rẹ̀ síṣẹ́, ẹ kọ́ ibi tí wọ́n á máa gbà sọdá. Ìyẹn gan-an ni ààbò.

Ẹ rántí Dáfídì létí odò Bésórì. 400 ọkùnrin bá a lọ sógun, 200 tó ti rẹ̀ dúró ti ẹrù. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun, àwọn kan ní kí wọ́n má fún àwọn tó dúró ní nǹkan kan. Dáfídì kọ̀ jálẹ̀. Ìpín kan náà ló fún wọn, ó sì sọ ọ́ di òfin. Dáfídì mọ ogun jà, ó sì mọ̀ pé ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù ń jagun.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń se oúnjẹ, ẹ̀yin tó ń wakọ̀ ìjọ, ẹ̀yin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nígbà tí àwa ń wàásù, ìpín yín kò ní sọnù. Ìrẹsì àwọn opó wa dé lọ́jọ́ kejì o. Awakọ̀ wa sun inú ọkọ̀ mọ́jú, kò jẹ́ kí àpò kan ṣoṣo sọnù. Ẹ bá wa kí i.

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá tó wà láàárín wa, kí ni àwọn bàbá àti ìyá yín sọ fún yín nípa Ogun Adùbí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí àwọn ọmọ wa kà á.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ wa, á ṣọ́ àbọ̀ wa. Àmín.