Odi Kairo: Ta Ni À Ń Forí Kanlẹ̀ Fún?

Ní Kairo, olú-ìlú Íjíbítì, odi ńlá kan wà lórí àpáta tí ó yọ láti ara òkè Muqattam. Salahud-Din Yusuf ọmọ Ayyub ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1176, nígbà tí ogun àwọn ọmọ ogun àgbélébùú láti Yúróòpù kò jẹ́ kí ọkàn ará ìlú balẹ̀. Àwọn òǹdè ogun wà lára àwọn tí ó gbẹ́ àpáta rẹ̀. Ṣùgbọ́n Salahud-Din kúrò ní Íjíbítì ní 1182, kò sì padà títí ó fi kú ní Damascus ní 1193. Al-Kamil, ọmọ àbúrò rẹ̀, ni ó sọ odi náà di ààfin.

Ẹ wo ọgbọ́n àwọn tí ó kọ́ ọ. Odi tí kò ní omi, òùngbẹ ni yóò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ọ̀tá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbẹ́ kànga tí ó jìn tó nǹkan bí mítà 90 sínú àpáta, tí màlúù ń yí ẹ̀rọ tí ó ń fa omi rẹ̀ sókè ní ìpele méjì. Kànga Yusuf ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan rò pé Ànábì Yusuf ni, ṣùgbọ́n Salahud-Din ni a fi orúkọ náà pè.

Ní 1318, Sultan al-Nasir Muhammad kọ́ mọ́sálásí sínú odi náà, ó sì tún un kọ́ ní 1335. Àgbàlá gbangba wà láàrin rẹ̀, òpó sì yí i ká. Púpọ̀ nínú àwọn òpó náà ni a kó láti inú àwọn ilé tí ó ti wà ṣáájú Ìsìláàmù. Ilé gogoro méjì ni ó ní fún ìpè ìrun, amọ̀ sísun tí ń dán ni a sì fi bo orí wọn.

Ọba yìí ni ó wà lórí ìtẹ́ ní 1324, nígbà tí Mansa Musa, ọba Mali, gba Kairo kọjá lọ sí Hájì. Mali yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé orúkọ “Ìmàle” tí à ń jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá ti wá. Al-Umari, òpìtàn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ní kí Mansa Musa fẹnu kan ilẹ̀ níwájú Sultan, ó sì kọ̀. Nígbà tí wọ́n rọ̀ ọ́, ó ní Ọlọ́hun tí ó dá òun ni òun forí balẹ̀ fún, ó sì forí balẹ̀. Sultan dìde díẹ̀ kí i, ó sì mú un jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní 1517, àwọn ará Tọ́kì ṣẹ́gun Kairo, wọ́n sì kó òkúta mábù mọ́sálásí náà lọ. Ní 1811, Muhammad Ali Pasha pe àwọn olóyè Mamluk sí ayẹyẹ nínú odi yìí, ó sì ní kí wọ́n pa wọ́n bí wọ́n ti ń jáde lọ. Ní 1824, ẹ̀tù ìbọn bú gbàmù, ó ba ibẹ̀ jẹ́. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: láti 1830 ni Pasha ti bẹ̀rẹ̀ mọ́sálásí ńlá tí ilé gogoro rẹ̀ méjèèjì ga ju mítà 80 lọ. Ibẹ̀ ni sàréè rẹ̀ wà. Ẹwà ilé náà kò pa ẹ̀jẹ̀ 1811 rẹ́.

Ní 1874, Ismail kó ààfin kúrò níbẹ̀ lọ sí Abdin. Ìtẹ́ ti lọ, mọ́sálásí méjèèjì ṣì dúró. Ẹ̀yin ará wa, nígbà tí a bá ń kọ́ mọ́sálásí lónìí, tí orúkọ olówó ń gba ògiri ju orúkọ Ọlọ́hun lọ, ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀rọ̀ tí ọba Mali sọ nínú odi Kairo.